Ṣé ìwà òmùgọ̀ ni Detroit hù lọ́dún 1987? Bí a ṣe ń dá ẹjọ́ pàṣípààrọ̀ ajubọ́ọ̀lù

Bí oṣù Keje bá ti ń parí lọ ní Amẹ́ríkà, irú ìròyìn kan náà ló máa ń gbòde: ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù báyìí ti kó ọmọ mẹ́ta fún ẹgbẹ́ mìíì kó tó rí ajubọ́ọ̀lù kan ṣoṣo gbà. Ẹni tó bá ń gbé Houston tàbí Atlanta, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti di ọmọ ibẹ̀, á gbọ́ ariwo náà nínú ilé títí tí á fi sú u. Àwọn kan á pàtẹ́wọ́, àwọn kan á bú. Tó bá tún di ọdún mẹ́wàá sí i, àwọn tó pàtẹ́wọ́ gan-an ni wọ́n á máa sọ pé àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò ní dáa. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń rú ẹni tí kò bá eré náà dàgbà lójú. Ta ló jèrè nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, ta ló pàdánù, báwo la sì ṣe ń mọ̀?

Àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń fà yọ jù ni ti Detroit Tigers. Lọ́dún 1987, wọ́n fi ọmọ 20 ọdún kan tó ń jẹ́ John Smoltz gba Doyle Alexander, ẹni ọdún 36. Smoltz di ọ̀kan lára àwọn ajubọ́ọ̀lù tí orúkọ wọn ò ní parẹ́ nínú ìtàn eré náà. Alexander gbá a fún ọdún méjì sí i, ó sì fẹ̀yìn tì. Bí a bá gbọ́ gbólóhùn méjì yìí nìkan, a lè rò pé ẹjọ́ ti tán. Èmi ò gbà pé ó tán rárá.

Kí ni ajubọ́ọ̀lù, kí sì ni pàṣípààrọ̀?

Nínú béèsìbọ́ọ̀lù, ẹnì kan á dúró láàárín pápá, á máa ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le koránkorán sí ẹnì kan tó di igi mú. Ẹni tó ń jù ú ni ajubọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹni tó di igi mú má rí bọ́ọ̀lù náà gbá dáadáa. Abala mẹ́sàn-án ni eré kan ní, eré 162 sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú sáà kan. Apá èèyàn ò lè gba iṣẹ́ yẹn lójoojúmọ́, nítorí náà ẹgbẹ́ máa ń ní bíi ajubọ́ọ̀lù márùn-ún tí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn láti bẹ̀rẹ̀ eré, àti àwọn mìíì tó ń wọlé nígbà tí ọwọ́ bá ti ro ẹni àkọ́kọ́.

Òǹkà méjì péré lẹ máa nílò láti tẹ̀lé àlàyé yìí. Èkíní ni iye eré tí ajubọ́ọ̀lù borí àti iye tó pàdánù: bí wọ́n bá kọ 9–0, ó borí mẹ́sàn-án, kò pàdánù kankan. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní ERA, ìyẹn iye ayò tí alátakò ń jẹ lórí rẹ̀ nínú abala mẹ́sàn-án, láìka èyí tí àṣìṣe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fà. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ẹni tó wà ní 3 ń ṣe dáadáa gan-an, ẹni tó wà ní 4 ṣì ń gbìyànjú. Tó bá ti kọjá 5, akọ́nimọ̀ọ́gbá á ti máa wo ẹlòmíì lójú.

Ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ ló máa ń ya àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́nu. Bí Arsenal bá fẹ́ràn ẹnì kan, owó ni wọ́n máa gbé sílẹ̀, ẹni náà fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbà láti lọ. Nínú béèsìbọ́ọ̀lù, èèyàn ni wọ́n sábà máa ń fi gba èèyàn. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ méjèèjì á jọ sọ ọ́, wọ́n á gbà, ìpè fóònù kan ló máa sọ fún ọmọ náà pé ìlú mìíì ló ti máa ṣiṣẹ́ lọ́la. Àwọn díẹ̀ tí ìwé àdéhùn wọn tàbí ọjọ́ pípẹ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́ fún lẹ́tọ̀ọ́ àtikọ̀ nìkan ló lè sọ pé àwọn ò lọ.

Kí ló ń mú kí ẹgbẹ́ méjì fẹ́ irú ọjà yìí? Ẹ wo ilé méjì. Àlejò kún ilé kan bámúbámú, iṣu tí wọ́n máa gún lálẹ́ yìí ni wọ́n ń wá. Ilé kejì ò ní àlejò, oko ọdún tó ń bọ̀ ló ń rò, èbù ló sì ń wá. Ilé àkọ́kọ́ á kó èbù rẹ̀ sílẹ̀, á gbé iṣu lọ. Ajubọ́ọ̀lù tó ti dàgbà ni iṣu, ọmọ tó ṣì wà ní líìgì kékeré, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó dé líìgì àgbà, ni èbù. Ohun tí àwọn tó ń dá ẹjọ́ lẹ́yìn máa ń gbàgbé ni pé ọ̀pọ̀ èbù ló ń jẹrà sínú ebè.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́dún 1987?

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Toronto Blue Jays ni Detroit ń lé nínú ìsọ̀rí wọn. Sparky Anderson ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Bill Lajoie sì ni ọ̀gá tó ń pinnu ẹni tí wọ́n máa mú wọlé àti ẹni tí wọ́n máa jẹ́ kó lọ. Àwọn òpó ẹgbẹ́ náà, Jack Morris, Alan Trammell, Lou Whitaker àti Kirk Gibson, ti jọ gba ife World Series lọ́dún 1984, ìyẹn ife tó ga jù nínú eré náà, tí ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí eré mẹ́rin nínú méje ń gbà. Wọn kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ajubọ́ọ̀lù kan sí i ni wọ́n ń wá kí sáà tó parí.

Atlanta Braves ní ọ̀kan. Bobby Cox ló wà nípò irú ti Lajoie níbẹ̀ nígbà náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ò sì ní ìrètí kankan lọ́dún yẹn. Alexander tó wà lọ́wọ́ wọn ti borí eré márùn-ún, ó ti pàdánù mẹ́wàá, ERA rẹ̀ sì ju 4 lọ. Ẹni tó bá wo òǹkà yìí ò ní fò sókè. Detroit gbà á, wọ́n sì fi Smoltz sílẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Eré 11 ni Alexander bẹ̀rẹ̀ fún Detroit kí sáà tó parí. Ó borí mẹ́sàn-án, kò pàdánù ẹyọ kan, ERA rẹ̀ jẹ́ 1.53. Síbẹ̀, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, Toronto ṣì ń ṣíwájú wọn pẹ̀lú eré mẹ́ta àti ààbọ̀. Ni Toronto bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Eré méje tó kù fún wọn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n pàdánù. Mẹ́ta tó gbẹ̀yìn wáyé ní Detroit. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, Alexander fúnra rẹ̀ ló ju bọ́ọ̀lù tí Detroit fi borí pẹ̀lú 4–3. Lọ́jọ́ kejì, abala 12 ni wọ́n dé kí Detroit tó jáwé olúborí pẹ̀lú 3–2. Lọ́jọ́ kẹta, Frank Tanana ò gba Toronto láyè láti jẹ ayò kan, 1–0 ló parí. Detroit ní ìṣẹ́gun 98, Toronto ní 96.

Ẹ̀yin ẹ ro ó wò. Eré méjì ló wà láàárín wọn. Bí ẹlòmíì bá dúró sípò Alexander fún eré 11 yẹn, tó sì ṣe bí ajubọ́ọ̀lù tí kò dára tí kò burú, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé Detroit á ṣì wà lókè?

Lẹ́yìn náà ni nǹkan bàjẹ́. Minnesota Twins, tí eré 85 péré ni wọ́n borí nínú sáà yẹn, na Detroit ní ìpele àṣekágbá, eré mẹ́rin sí ẹyọ kan. Alexander bẹ̀rẹ̀ méjì nínú eré márùn-ún náà, ó pàdánù méjèèjì, ERA rẹ̀ fò dé 10.00. Lọ́dún 1988, ó ní 14–11, Detroit sì fi eré kan ṣoṣo pàdánù ipò kìíní fún Boston. Lọ́dún 1989, ó ní 6–18, Detroit pàdánù eré 103, bàbá náà sì fi pápá sílẹ̀. Detroit ò tún dé ìpele àṣekágbá títí di ọdún 2006.

Smoltz ní tirẹ̀ lọ di ohun tí ẹ ti gbọ́. Lọ́dún 1996, ó borí eré 24, ó pàdánù mẹ́jọ, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Cy Young tí wọ́n ń fún ajubọ́ọ̀lù tó dára jù. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìgúnpá rẹ̀ lọ́dún 2000, ó padà wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wọlé ní ìparí láti ti ilẹ̀kùn mọ́ alátakò: ẹ̀ẹ̀màrúndínlọ́gọ́ta, ìyẹn 55, ló ṣe é láṣeyọrí nínú sáà 2002 nìkan. Nígbà tó máa parí iṣẹ́, ìṣẹ́gun 213 ló ní, ó sì ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́rìnléláàádọ́jọ, 154. Kò tíì sí ẹlòmíì tó ní 200 àti 150 pọ̀. Wọ́n gbà á sí Hall of Fame ní Cooperstown, ilé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn akọni eré náà sí, lọ́dún 2015.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ará Detroit ju bó ṣe yẹ lọ ni pé ọmọ wọn ni. Ìpínlẹ̀ Michigan ni wọ́n bí i sí, Lansing ló ti dàgbà, bàbá rẹ̀ àgbà sì ṣiṣẹ́ ní pápá Tigers. Jack Morris ni àwòkọ́ṣe rẹ̀ láti kékeré. Ní 1991, àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn nínú eré keje World Series, Smoltz fún Atlanta, Morris fún Minnesota. Morris ju abala mẹ́wàá gbáko, Minnesota sì gba ife náà pẹ̀lú 1–0.

Kí ni Detroit mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i?

Wọ́n ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ yìí bó ṣe yẹ, kó kọ́kọ́ gbé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kó jókòó sórí àga Lajoie, kó sì wo ohun tó wà níwájú ọkùnrin náà.

Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni ọmọ kan tó wà ní Glens Falls, ní ìpínlẹ̀ New York, nínú líìgì tó fi ìpele méjì kéré sí líìgì àgbà. Ó ti borí mẹ́rin, ó ti pàdánù mẹ́wàá, ERA rẹ̀ jẹ́ 5.68. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣa ọmọ lọ́dún 1985, ìyípo kejìlélógún ni Detroit tó mú un. Wọ́n ti pe ọmọ tó ju 500 kí wọ́n tó kan orúkọ rẹ̀. Lóòótọ́, ìdí kan wà fún èyí tó kẹ́yìn yìí: ọ̀pọ̀ ló rò pé yunifásítì Michigan State ló máa lọ, wọn ò fẹ́ fi ìṣàyàn wọn ṣòfò.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á sọ fún yín pé 5.68 nìkan ò tó láti fi ṣèdájọ́ ọmọ 20 ọdún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá figagbága ní Glens Falls ju ú lọ lọ́jọ́ orí. Apá rẹ̀ lágbára, bọ́ọ̀lù rẹ̀ yára, àwọn ẹni tí Atlanta rán láti lọ wò ó rí i, wọ́n sì ní òun ni kí wọ́n gbà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Detroit náà mọ̀ pé ọmọ náà níye lórí. Bí kò bá níye lórí, kò sẹ́ni tó máa fi ajubọ́ọ̀lù líìgì àgbà gbà á. Iye tí wọ́n san ni. Ibi tí àṣìṣe àwọn tó ń bú wọn wà ni pé wọ́n rò pé Smoltz ọdún 1996 ni Detroit gbé fún Atlanta. Ẹni yẹn ò tíì sí láyé nígbà náà.

Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó di ẹni yẹn. Ọdún tó kọ́kọ́ dé líìgì àgbà, 1988, ó ní 2–7, ERA rẹ̀ jẹ́ 5.48. Ní ìdajì àkọ́kọ́ sáà 1991, ó ní 2–11, àwọn èèyàn sì ń bi Bobby Cox, tó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà náà, ìdí tó fi ń gbé e jáde. Smoltz bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá onímọ̀ nípa ọpọlọ eléré ìdárayá kan tó ń jẹ́ Jack Llewellyn. Ìdajì kejì sáà náà, ó ní 12–2. Kò sí ohun tó fi hàn pé Detroit á ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ fún un, tàbí pé wọ́n á rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbà á nímọ̀ràn. Ẹgbẹ́ tó pàdánù 103 lọ́dún 1989 lè ti yọ ọ́ kúrò kó tó di pé àyípadà dé bá a.

Ọdún mélòó nínú iṣẹ́ Smoltz ni Detroit pàdánù?

Ó dá mi lójú pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ìṣirò náà ṣe. Wọ́n á kó ìṣẹ́gun 213 sí apá kan, wọ́n á kó ìṣẹ́gun mẹ́sàn-án ti Alexander sí apá kejì, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Detroit ò ní ìṣẹ́gun 213 lọ́wọ́ láti fi sílẹ̀.

Òfin eré náà ni pé nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá ti lo ọdún mẹ́fà ní líìgì àgbà, tí àdéhùn rẹ̀ sì ti parí, ó di òmìnira. Ó lè lọ síbi tó bá wù ú, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dá a dúró gbọ́dọ̀ na owó bíi ti ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá fi ọmọ líìgì kékeré sílẹ̀, bí ọdún mẹ́fà péré ló fi sílẹ̀. Oṣù Keje 1988 ni Smoltz kọ́kọ́ gbá a ní líìgì àgbà. Ọdún mẹ́fà yẹn ì bá tán ní ìparí sáà 1994.

Ẹ jẹ́ ká ka ìṣẹ́gun rẹ̀ títí dé 1994. Ó jẹ́ 78. Ìyókù, 135, wáyé lẹ́yìn àkókò náà. Cy Young 1996, ife World Series tí Atlanta gbà lọ́dún 1995, ilẹ̀kùn 55 tó tì lọ́dún 2002, gbogbo rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn ọdún mẹ́fà náà. Owó Atlanta ló rà á. Àpẹẹrẹ kan ni pé lẹ́yìn sáà 1996, Smoltz di òmìnira, Atlanta sì tún bá a ṣe àdéhùn tuntun. Ẹnikẹ́ni nínú líìgì ló lè gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Detroit pẹ̀lú.

Àwọn kan á dáhùn pé ọmọ ilé ni, pé kò ní kúrò ní Detroit láé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Jack Morris náà gbá a fún Detroit láti 1977 títí di 1990, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Minnesota, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí i.

Kì í ṣe pé 78 kéré o. Ìṣẹ́gun 78 láti ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù kan tówó rẹ̀ ò pọ̀ jẹ́ ohun iyebíye, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é tí ìṣẹ́gun Alexander ní Detroit, mẹ́sàn-án, 14 àti mẹ́fà, á fi dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Detroit pàdánù lórí òǹkà, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n àlàfo 29 sí 78 yàtọ̀ pátápátá sí àlàfo mẹ́sàn-án sí 213 tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣé gbogbo ìṣẹ́gun ló níye lórí bákan náà?

Rárá. Lọ́dún 1987, ẹgbẹ́ 26 ló wà ní líìgì àgbà, mẹ́rin péré ló sì ń dé ìpele àṣekágbá: ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú ìsọ̀rí rẹ̀ nìkan. Toronto borí eré 96, ilé ni wọ́n lọ. Lóde òní, 12 nínú 30 ló ń wọlé. Ìṣẹ́gun tó gbé Detroit kọjá Toronto lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn wọ́n ju ìṣẹ́gun mẹ́ta tí ẹgbẹ́ mìíì fi bọ́ sí ipò karùn-ún dípò ìkẹfà lọ.

Chicago Cubs mọ ìdiwọ̀n yìí dáadáa. Ní oṣù Keje 2016, wọ́n fi Gleyber Torres, ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń yangàn pẹ̀lú jù, kún àwọn mìíì láti gba Aroldis Chapman lọ́wọ́ New York Yankees. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé Chapman á di òmìnira nígbà tí sáà bá parí. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí: kí ọdún náà tó tán, ó ti padà sọ́dọ̀ Yankees kan náà. Torres di ìràwọ̀ ní New York. Ẹ lọ bi àwọn ará Chicago bóyá ó dùn wọ́n. Ife World Series tí wọ́n gbà lọ́dún yẹn ni àkọ́kọ́ wọn láti 1908.

Ká ní Detroit na Minnesota lọ́dún 1987, tí wọ́n sì gba ife, Smoltz á ṣì wà ní Cooperstown, Alexander á ṣì fẹ̀yìn tì lọ́dún 1989. Ọjà náà ò yàtọ̀ ní kókó kan. Orúkọ tí wọ́n á máa pè é nìkan ló máa yí padà. Èyí ló jẹ́ kí n fura sí ẹni tó bá ń fi Minnesota dá Lajoie lẹ́bi: eré tí Lajoie kò sí nínú pápá rẹ̀ ló fi ń bá a wí.

Ọjọ́ wo la dúró sí tí a fi ń dá ẹjọ́?

Apá ìtàn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Toronto tí Alexander wá nà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá yẹn, ibẹ̀ ló ti ń jẹun tẹ́lẹ̀. Eré 17 ló borí fún wọn lọ́dún 1984, ó sì tún borí 17 lọ́dún 1985. Ní oṣù Keje 1986, wọ́n jẹ́ kó lọ sí Atlanta, wọ́n sì gba ọmọ ọdún 22 kan tó ń jẹ́ Duane Ward dípò rẹ̀.

Ẹ bi ará Toronto kan léèrè ní oṣù Kẹwàá 1987 pé báwo ni ọjà yẹn ṣe rí. Bóyá ẹkún ló máa sun. Bàbá tí wọ́n lé lọ ló padà wá bá ẹlòmíì gba ipò lọ́wọ́ wọn, Ward ò sì tíì ṣe nǹkan kan tí èèyàn lè tọ́ka sí. Ẹ wá bi ẹni kan náà ní 1993. Ward ti di òpó nínú ẹgbẹ́ tó gba World Series ní ọdún méjì léraléra, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ alátakò lẹ́ẹ̀marùndínláàádọ́ta, 45, nínú sáà 1993. Ọjà kan náà ni. Ọdún mẹ́fà péré ló sọ ọ́ di ọgbọ́n.

Ó tún kù díẹ̀. World Series 1992 jẹ́ láàárín Toronto àti Atlanta. Nínú eré kejì, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ fún Atlanta ni John Smoltz, ẹni tí wọ́n sì ka ìṣẹ́gun fún ní apá Toronto ni Duane Ward. Èbù méjì tí wọ́n fi ra Alexander ló dojú kọ ara wọn nínú pápá, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí bàbá náà ti lọ sinmi. Toronto ló gba ife, 4–2.

Ìgbà wo wá ni a lè sọ pé wọ́n ṣìnà lóòótọ́?

Nígbà tí ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà bá ti tó láti kìlọ̀. Ẹ wo Pittsburgh Pirates ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 2018. Wọ́n gba Chris Archer lọ́wọ́ Tampa Bay, wọ́n fi Tyler Glasnow àti Austin Meadows sílẹ̀, wọ́n sì tún fi Shane Baz kún un, ọmọ tí wọ́n fi ìṣàyàn àkọ́kọ́ wọn mú ní ọdún kan péré ṣáájú.

Wọ́n ní àwíjàre. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ borí eré 11 tẹ̀léra-tẹ̀léra ni, owó oṣù Archer ò wọ́n, ó sì ṣì lè wà lọ́dọ̀ wọn fún ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ERA Archer ti ń kọjá 4 lọ́dọọdún láti 2016. Glasnow àti Meadows kì í ṣe ọmọ Glens Falls: àwọn méjèèjì ti gbá a ní líìgì àgbà lọ́dún náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni Pittsburgh ò sí lẹ́nu ọ̀nà ife kankan. Ipò kẹrin ni wọ́n parí sí nínú ìsọ̀rí wọn, 82–79. Lọ́dún 2019, Archer ní 3–9, ERA 5.19. Lọ́dún 2020, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò gbá rárá. Ọdún náà ni Tampa Bay dé World Series, Glasnow sì bẹ̀rẹ̀ méjì nínú eré náà.

Àìsàn Archer kò ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀, n ò sì ní fi ìyẹn dá Pittsburgh lẹ́bi. Mo fi ohun tí wọ́n lè kà nínú ìwé lọ́jọ́ náà dá wọn lẹ́bi: wọ́n gbé èbù mẹ́ta sílẹ̀ nígbà tí kò sí àlejò nílé.

Ṣé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá ni pé kí wọ́n má fi ọmọdé gba àgbà mọ́?

Detroit kan náà ló dáhùn ìbéèrè yẹn, láti òdì kejì ọjà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 2017, àwọn ni wọ́n ní àgbà lọ́wọ́: Justin Verlander, ẹni ọdún 34, tó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ àtikọ̀, kò sì gbà títí ó fi ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí gbèdéke tó pé. Houston Astros gbé e, wọ́n sì fún Detroit ní ọmọ mẹ́ta: Franklin Perez, Daz Cameron àti Jake Rogers. Perez tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 ni gbogbo èèyàn fojú sí, ajubọ́ọ̀lù bíi Smoltz.

Verlander bẹ̀rẹ̀ eré márùn-ún fún Houston kí sáà tó parí, ó borí márààrùn-ún, ERA rẹ̀ jẹ́ 1.06. Ó kọjá ti Alexander. Houston gba World Series àkọ́kọ́ wọn lọ́dún yẹn. Àgbàlagbà náà ò sì fẹ̀yìn tì bíi Alexander: ó gba Cy Young lọ́dún 2019, ó tún gba òmíì lọ́dún 2022 nígbà tó ti di ẹni ọdún 39. Ìfarapa ò jẹ́ kí Perez dé líìgì àgbà. Cameron wá, ó gbá díẹ̀, ó lọ. Rogers nìkan ló dúró, ó di ẹni tó ń bá wọn mú bọ́ọ̀lù tí ajubọ́ọ̀lù bá jù.

Lọ́dún 2024, Detroit padà dé ìpele àṣekágbá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2014. Ta ni wọ́n pàdé? Houston. Detroit nà wọ́n 2–0 ní Houston gan-an, Rogers wà nínú ẹgbẹ́ náà, Verlander sì wà ní Houston ṣùgbọ́n wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje ọ̀hún. Àwọn kan ní Detroit bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọjà 2017 náà ò burú tó bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, Houston ló ṣì jèrè jù, bí Rogers bá tiẹ̀ gbá a fún ọdún mẹ́wàá sí i.